Ìyá Bísí Ní Kí N Bu Omi fún Àlejò

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí. Ẹ jókòó kí ara yín balẹ̀, nítorí mi ò gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan, ní ẹ̀yìnkùlé mi níbí ní Láfẹ́nwá. Bí mo bá purọ́, kí aṣọ mi má gba aró mọ́.

Iṣẹ́ aró ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bísí, sí. Inú ọgbà ọkọ rẹ̀ ló to àwọn ìkòkò rẹ̀ sí. Nígbà tí ọkọ kú, àbúrò ọkọ, Bàbá Túndé, gbé igi wọ ọgbà, ó fọ́ àwọn ìkòkò náà lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀ nílé àwọn. Aró ṣàn dé ojú títì. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó kàn ń wo ọkùnrin náà.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n mi náà kú. Nígbà tí a ń wẹ òkú rẹ̀, a fi ọṣẹ, a fi kàn-ìn-kàn-ìn, aró ò kúrò ní èékánná rẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí èékánná yẹn.

Ìkòkò kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Èmi ni mo gbé e wá síbí, òun ni mo fi ń kọ́ Bísí ọmọ rẹ̀ níṣẹ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, ìyá ìjọ ni mí. Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, bí mo bá ti kúnlẹ̀ àdúrà, ọ̀fun Bàbá Túndé ni mo máa ń rí. Pásítọ̀ wa ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Mo ní, "Mo ti fi í sílẹ̀, sà. Ọlọ́run ni kò tíì mú un."

Ó wá di ọ̀sán kan nígbà ọyẹ́. Bísí ti kó aṣọ lọ sọ́jà Ìtòkú, ó ku èmi nìkan nídìí eérú. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, a máa ń da omi sórí eérú nínú ìkòkò tó nihò nídìí, omi náà á máa kán sínú èyí tó wà nísàlẹ̀. Òun la fi ń po aró. Ojú lásán lè pè é ní omi mímu, bẹ́ẹ̀ ó lè bó ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn. Ahọ́n la fi ń mọ̀ bó bá ti kan, tó ti le tó. Ṣónṣó ahọ́n lásán ni o, kéèyàn sì tutọ́ dànù.

Bàbá Túndé wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Bùbá funfun ló wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìkòkò tó kù nínú ogún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo wá wò."

"Àwọn tí ẹ fọ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn yẹn ti lọ bá ẹni tó ni wọ́n." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi fìlà fẹ́ ọrùn. "Òòrùn yìí mú o. Ṣé ẹ ò ní fún àlejò lómi ni, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo dìde. Ìgbà yẹn ni mo fura pé omi eérú ò kán mọ́. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ó lóṣòó sídìí eérú bó ṣe máa ń lóṣòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mi ò rí ojú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí létí ìkòkò ìsàlẹ̀. Èékánná yẹn.

"Àbúrò mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èyí tó kan ti wà nílẹ̀. Bu tìyẹn fún un."

Mo fi kọ́ọ̀pù bù ú. Bàbá Túndé ò rí nǹkan kan, ó ti na ọwọ́. Ayọ̀ tó kún inú mi nígbà yẹn, mi ò ní irú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ Àjíǹde.

Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tó bu omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Èèyàn kì í tún rò ó, ọwọ́ á ti gbé e dé ẹnu. Bí ọwọ́ mi ṣe gbé kọ́ọ̀pù náà nìyẹn. Ó ta mí láhọ́n bí iná, mo sì tu ú dànù. Orúkọ kan ṣoṣo ló bá a jáde.

"Jésù."

Mo da èyí tó kù sílẹ̀. Mo fọ kọ́ọ̀pù, mo bu omi tútù láti inú àmù, mo mu díẹ̀ níbẹ̀, mo gbé e fún ọ̀tá mi. Ó mu ún tán.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Ó dáa," ó ní. "Ìwọ ti yọ ọwọ́ tìrẹ." Ó ki ọwọ́ bọ inú aró tó wà nínú ìkòkò tirẹ̀, ó gba ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì kọjá. Omi eérú tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Bàbá Túndé ní òun á rán àwọn tó máa gbé ìkòkò wá. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi, mo rí àtẹ́lẹwọ́ aró láàárín ẹ̀yìn bùbá funfun, ó ṣì tutù. Mo la ẹnu kí n pè é. Mo tún pa á dé.

Kò rán ẹnikẹ́ni wá. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ fọ bùbá náà títí, aró náà kò ṣí. Wọ́n ní láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí omi bá ti kan ọ̀fun rẹ̀, á ké pé ó ń jó òun. Dókítà ò rí nǹkan kan. Òùngbẹ ló pa á, nílé tí kànga wà.

Pásítọ̀ ní Ọlọ́run yọ mí nínú ìdẹwò. Mo ṣe Àmín. Mo ké pè É nítorí ọwọ́ tèmi, Ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Mi ò ké pè É nítorí Bàbá Túndé. Bóyá ó yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ ìkòkò opó, ẹ rọra.

Àwọn ẹbí baba rẹ̀ dá ọgbà padà fún Bísí, kò sẹ́ni tó bá a du ú. Ìkòkò náà di tirẹ̀. Túndé jogún ilé baba rẹ̀ àti bùbá yẹn. Ó ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí, kò lè wọ̀ ọ́, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó dáná sun ún. Ní tèmi, ṣónṣó ahọ́n mi ò mọ iyọ̀ mọ́.

Bísí ló ń bá mi tọ́ omi eérú wò báyìí. Nígbà mìíràn omi náà á ṣàdédé dákẹ́. Mo ti sọ fún un pé kó má bojú wẹ̀yìn, kó má sì bu omi fún ẹnikẹ́ni, títí yóò fi tún máa kán.