Ẹyẹ Tó Ń Bá Ọyẹ́ Bọ̀ àti Ẹyẹ Onílé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, èmi àti bàbá tó bí ìyá mi nìkan la wà ní abà, lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ̀dù. Kò sí ọmọ míì tí mo lè bá ṣeré. Ewúrẹ́ ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀! Ìyá mi ti lọ ṣiṣẹ́ kòkó lọ́nà Oǹdó, ó ní tí ọyẹ́ bá dé, òun náà á dé.

Ìgbà wo wá ni ọyẹ́ ń dé? Ẹyẹ ni bàbá àgbà fi kọ́ mi. Oríṣi ẹyẹ méjì kan wà tó máa ń bà sójú ọ̀nà oko tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí wọ́n á máa fò gbé kòkòrò jẹ. Àwọn méjèèjì rí bí ewé gbígbẹ, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó fò, fìrì! Ìrù ọ̀kan gùn, kì í sì í lọ síbì kankan, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Èkejì máa ń lọ sọ́nà ilẹ̀ Hausa lásìkò òjò, ọyẹ́ ló ń bá bọ̀. Tó bá dé tó pẹ́ díẹ̀, ìyẹ́ gígùn kan á yọ lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, á wá dà bí ìgbà tí ẹyẹ kéékèèké méjì ń tẹ̀ lé e. Hàà, mo fẹ́ràn ẹ̀! Ẹyẹ kan ṣoṣo tó lẹ́gbẹ́!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹyẹ kan fò níwájú mi lọ́nà odò. Mi ò dúró wo ìrù. Mo sáré délé, mo gbálẹ̀, mo tẹ́ ẹní ìyá mi, mo mú iṣu ńlá tí bàbá àgbà fi imọ̀ ọ̀pẹ sàmì sí pé tìyá mi ni, mo bẹ ẹ́, mo gbé e kaná! Ni mo bá lọ jókòó sí oríta tí lọ́rì máa ń já èrò sí.

Lọ́rì ò wá. Bàbá àgbà ló gbé àtùpà wá bá mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń dúró dè?"

"Ìyá mi ni, bàbá. Ẹyẹ ti dé, mo rí i!"

"O rí i. Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ó jókòó tì mí, a tẹ́tí sílẹ̀. Lẹyẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú igbó, kò sinmi, bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Onílé nìyẹn," bàbá ní. "Èyí tó ń tọ̀nà jíjìn bọ̀, bí ìrẹ̀ ló ń dún, kíṣí-kíṣí-kíṣí."

Mo bú sẹ́kún. "Mi ò fẹ́ onílé! Èyí tó lọ ni mo fẹ́!"

Bàbá àgbà gbé àtùpà nílẹ̀. Ó pọ̀n mí délé, arúgbó yẹn, a jẹ iṣu ìyá mi.

Ọyẹ́ dé, ètè wa ń sán. Mo gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ kan: kíṣí-kíṣí-kíṣí! Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ ni lọ́rì já ìyá mi sílẹ̀, áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo fò mọ́ ọn lọ́rùn, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Ó ní òun ò ní fi mí sílẹ̀ mọ́, ó mú mi dání lọ sí Oǹdó. Bàbá àgbà dúró sí oríta, ó ń juwọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò bojú wẹ̀yìn dáadáa. Kò sí láyé mọ́ nígbà tí mo fi padà wá.

Láyé ìsinsìnyí, fóònù lẹ fi ń mọ ibi tẹ́ni tó ń bọ̀ dé. Ọ̀kadà ti gba ọ̀nà oko yẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ síbẹ̀, òrùlé abà ti wó. Mo jókòó sí oríta títí ilẹ̀ fi ń ṣú, lonílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú igbó. Ohun tí mo sọ fún bàbá àgbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé mi ò fẹ́ onílé, wá sí mi lọ́kàn.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ kúulé o, bàbá."