Màmá Ardis àti Dísù Àkànṣe

Kò sí ará ìlú Brevik tí kò mọ ọjọ́ tí Màmá Ardis Rustad fi ọkọ̀ dínà mọ́ táńkà epo láàárín ìgboro. Kódà àwọn tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n di Màmá mú lápá.

Ilé epo méjì péré ló wà ní Brevik, wọ́n kọjú síra wọn lẹ́bàá títì bí orogún méjì. Ọ̀kan ń ta dísù olówó pọ́ọ́kú. Èkejì, ti Verlyn Hult, ń ta dísù tí wọ́n ti po oògùn mọ́, Verlyn sì kọ ÀKÀNṢE gàdàgbà sára pọ́ǹpù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Màmá Ardis jókòó sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó rí táńkà kan tó ń já epo sílé epo olówó pọ́ọ́kú. Kò pẹ́, táńkà kan náà, awakọ̀ kan náà, fìlà orí awakọ̀ kan náà, gbéra, ó fẹ́ sọdá sọ́dọ̀ Verlyn. Kí táńkà tó yí imú padà, píkọ́ọ̀pù Màmá ti dábùú títì.

"Sọ̀ kalẹ̀!" Màmá ń jágbe. "Sọ̀ kalẹ̀ wá, gbájú-ẹ̀!"

Awakọ̀ yọ orí lójú fèrèsé. "Màmá, kí ni mo ṣe?"

"Ikùn kan náà lo ti kó ìbejì jáde, o wá ń pe ọ̀kan ní ọmọ ọba, o ń pe èkejì ní ẹrú! Ṣé ojú wa fọ́ ní Brevik ni?"

Ọkùnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní inú táńkà pín sí yàrá yàrá. Ó ní níbi tí àwọn ti ń gbé epo ni wọ́n ti ń po oògùn mọ́ ti Verlyn, oògùn tó ń fọ ẹ́ńjìnnì, tí kì í sì í jẹ́ kí dísù dì nígbà òtútù. Màmá ní kò sí ohun tó kan òun nínú ìtàn, kó jẹ́ kóun gbóòórùn ẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, awakọ̀ ti fi epo méjèèjì rin àkísà méjì fún un. Màmá fa ọ̀kan símú. Ó fa èkejì. Ó na méjèèjì sí ọlọ́pàá nímú.

"Òórùn kan náà ni," ó ní. "Ẹ mú un."

"Màmá, òórùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin."

"Dídínà ńkọ́?" ni ẹnì kan béèrè láàárín èrò.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ọlọ́pàá kọ ìwé ẹ̀sùn fún lọ́jọ́ náà ni Màmá Ardis.

Kì í ṣe pé Màmá ṣahun o. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ ńlá kó màlúù káàkiri Àríwá Dakota títí ọkọ fi kú, kò sì sẹ́ni tó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó padà lófo. Ó lè fi odindi màlúù ta ọ́ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá tan án jẹ lórí okùn tí wọ́n fi so màlúù náà, o gbé. Ìbínú ni Màmá fi ń jí, kọfí ló fi ń sìn ín.

Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, Verlyn Hult yìí, irun rẹ̀ sì ti funfun, ṣùgbọ́n "ọmọ Hult" ni Màmá ń pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ táńkà sú u, ó kọjá lọ bá Màmá nílé.

"Màmá, mo máa bu epo mi fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi lọ sí ìlú Kessler, kí ẹ fi bọ̀. Ẹ tún fi ti òdìkejì lọ. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, mo máa fọwọ́ ara mi pa ÀKÀNṢE rẹ́."

Màmá gbà. Orrin, mẹkáníìkì wa, ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì jókòó ti Màmá lọ, jókòó tì í bọ̀. Ohun tí Orrin rí rèé: nígbà tí epo olówó pọ́ọ́kú wà nínú ọkọ̀, Màmá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin sórí itan. Nígbà tó kan epo Verlyn, ó so kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi ń kó ẹran mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kó akọ màlúù méjì sí i, ó sì dojú kọ atẹ́gùn.

"Epo rẹ kò lágbára," ló sọ fún Verlyn nígbà tó dé.

"Màmá! Ẹ fi fa màlúù!"

"Bó bá jẹ́ àkànṣe lóòótọ́, kò yẹ kó mọ̀ pé màlúù wà lẹ́yìn."

Orrin náà jìyà tirẹ̀. Ọkọ̀ Màmá ń wúkọ́, ó ń tú èéfín dúdú, Orrin tú u, ó yọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó gbé e wá síwájú Màmá.

"Ẹ wò ó, Màmá. Èérí ti dí i lẹ́nu. Epo tí ẹ ń rà ló fà á."

"Ó ti dàgbà ni. Èmi náà ti dàgbà. Ṣé wàá ní kí èmi náà máa lo oògùn olówó gọbọi?"

"Ẹ ń lò ó, Màmá. Ẹ̀yìn yín ni mo tò sí nílé olóògùn lánàá."

Màmá kò bá Orrin sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kórè àlìkámà tán.

Libby Zelenka ni ọ̀rẹ́ Màmá láti kékeré. Kíndìnrín Libby ti dáṣẹ́ sílẹ̀, Kessler sì ni ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ wà. Màmá ló ń gbé e lọ, lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́rú, lọ́jọ́ Ẹtì. Libby kò bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí Màmá gbọ́ pé Libby fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò, ó bínú bí ẹni pé wọ́n bú ìyá rẹ̀. "Ọkọ̀ èrò! Ṣé mo ti kú ni?"

Lọ́dún náà, òtútù kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Epo olówó pọ́ọ́kú ìgbà ìkórè ṣì wà nínú táńkì Màmá nígbà tó gbé Libby jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọkọ̀ fi wúkọ́, ó wúkọ́, ó sì dákẹ́. Dísù ti dì nínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé. Ooru inú ọkọ̀ kú. Oko gbalasa lọ́tùn-ún, oko gbalasa lósì, atẹ́gùn ń fẹ́ bí abẹ.

Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó ta táyà nípàá. "Aláìmoore! Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ọ́!"

"Ardis," Libby pè é láti inú bùláńkẹ́ẹ̀tì, "ṣé epo yẹn ni?"

"Atẹ́gùn ni!"

Ṣùgbọ́n nígbà tó bojú wo Libby, ó rí i pé ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ìbínú gbẹ lójú Màmá. Ó bọ́ kóòtù ọkọ rẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi wé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀, ó gbá a mọ́ra. "Má sùn o, Libby. Bú mi. Ohunkóhun tó bá wù ọ́ ni kó o fi bú mi, ṣáà má sùn."

"Olórí kunkun," ni Libby wí.

"O ṣeun. Tún un sọ."

Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ tí Verlyn fi dé, òun náà ń lọ sí Kessler. Ó gbé Libby sínú ọkọ̀ rẹ̀, Màmá bọ́ sí ẹ̀yìn, Verlyn sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, Verlyn kò sọ̀rọ̀ epo. Ara Màmá kò gbà á mọ́.

"Sọ ọ́!"

"Kí ni n sọ, Màmá?"

"O mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ!"

"Ohun tó wà lẹ́nu mi ni pé kí ẹ bá mi ti fèrèsé ẹ̀yìn yẹn dáadáa."

Wọ́n gba Libby dáadáa ní Kessler, ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá ti mọ̀ pé ojú èèyàn wà níta, á yà sílé epo olówó pọ́ọ́kú, á bu ẹ̀kán kan, á pariwo kí gbogbo ayé. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Verlyn ní ilé epo ní Kessler. Òun ló ránṣẹ́ pé ìyá arúgbó kan ń wá bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti wà lórí ẹ̀rọ, tó ń wọ dígí dúdú nínú yìnyín, tó ń fi dísù àkànṣe kún táńkì fọ́fọ́. Bí wọ́n bá kí i, á ní, "Kì í ṣe tèmi o, ẹnì kan ló rán mi." Orrin náà ti rí i pé ẹnu nọ́sù mọ́ bí àwo oúnjẹ. Gbogbo wa mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta.

Ohun tó bà wá lẹ́rù ni ìjì yìnyín. Lọ́jọ́ kan tí epo fẹ́ẹ̀ tán nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ojú ọ̀run sì ti ṣú, Màmá gbé Libby kọjá níwájú ilé epo Verlyn, kò yà nítorí ojú èèyàn, ó fẹ́ fi ìwọ̀nba epo bẹ́ẹ̀ dé Kessler. Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Lọ́jọ́ kejì, Verlyn gun àkàbà, ó kun ÀKÀNṢE pa, ó kọ EPO ÒTÚTÙ sí i.

Màmá kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ó yà.

"Ọmọ Hult, kí ló ṣe pọ́ǹpù rẹ?"

"Mo ti jáwọ́ nínú irọ́, Màmá. Kò sí àkànṣe kankan. Epo òtútù lásán ni."

Màmá tẹjú mọ́ ọn títí ọrùn fi ń yún Verlyn. "Ó tó àkókò," ó ní. "Ká sọ òtítọ́, ìyẹn náà ni mo ń jà fún." Ó kun táńkì. Iye rẹ̀ kò dín, òun náà kò sì béèrè.

Oorun ló gbé Màmá lọ nígbà tí yìnyín ń yọ́, nínú àga rẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀. A jẹun ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìnkú, a sọ ti táńkà, a sọ ti màlúù, ọlọ́pàá tó kọ ìwé ẹ̀sùn náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá omi mu.

Lọ́jọ́ Ajé, Libby múra tán, ó gbé báàgì dání, ó dúró lójú fèrèsé, kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ọkọ̀ Verlyn fi yà wọlé.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni. Ẹ wọ ọkọ̀, òtútù wà níta."

Nígbà tí wọ́n ti rìn díẹ̀, Libby ní, "Ó mọ̀ o, ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yẹn."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní o kò mọ irọ́ pa."

Verlyn bú sẹ́rìn-ín. Libby náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fi ohùn Ardis sọ ọ́ kí Verlyn gbọ́ bó ṣe dún, ṣùgbọ́n omijé ló dà. Verlyn dín eré kù. Kò sọ pé kó má sunkún. Ó jókòó dè é ní Kessler títí ẹ̀rọ fi parí iṣẹ́, ó gbé e padà sílé, ó dì í lápá mú gun àtẹ̀gùn.

"Ọjọ́rú ńkọ́, Màmá?"

"Ọjọ́rú," ni Libby wí, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. "Kí o sì tètè dé. Ardis kì í pẹ́."