Apá Àbúrò Kọ̀, Kò Jí

Àbúrò ti lé lógójì ọdún, ewú sì ti ń yọjú níwájú orí rẹ̀, síbẹ̀ Àbúrò ni gbogbo ẹni tó ń gbé aṣọ wá rán lọ́dọ̀ wọn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí, ló fà á. Bí oníbàárà bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí á nawọ́ sẹ́yìn, á ní, "Àbúrò mi nìyẹn, òun ló ń ṣe ọnà ara aṣọ." Bí orúkọ tí ìyá wọn sọ ọ́ ṣe wọgbó nìyẹn. Kò dun Àbúrò. Àǹtí ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá tọ́ni dàgbà lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wá lóhun tó bá wù ú.

Iṣẹ́ ò pa wọ́n pọ̀ sójú kan. Àǹtí ló ń gé aṣọ, tó ń rán an, tó sì ń bá àwọn oníbàárà tó fẹ́ kí aṣọ ọ̀la ti parí lánàá jà. Àbúrò ló ń jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, tó ń ya òdòdó, ewé àti ìlà wínníwínní tí ẹ̀rọ yóò fi òwú kọ sí ọrùn aṣọ. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àmọ́ ilé alápá méjì ni. Ọkùnrin kan wà ní ìkòríta tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Dókítà ni wọ́n ń pè é nítorí aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Òun ló gbé ètò méjì sórí láptọ́ọ̀pù náà, ìyẹn àwọn ètò ńlá tó máa ń jí kọ̀ǹpútà dìde. Ọ̀kan jẹ́ ti Àǹtí: ibẹ̀ ló ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ibẹ̀ náà ló ti ń wo fíìmù lọ́jọ́ tí òjò bá dá ọjà dúró. Èkejì jẹ́ ti Àbúrò, torí ibẹ̀ nìkan ni ohun tó fi ń ya ọnà ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tan láptọ́ọ̀pù, ojú ewé dúdú kan á kọ́kọ́ yọ, á bi wọ́n pé apá wo ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Bí wọn ò bá tètè dáhùn, á gbé wọn lọ sí ti Àǹtí. Kọ̀ǹpútà pàápàá mọ ẹni tó jẹ́ àgbà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Àbúrò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá kan ní ìlú mìíràn ti rí iṣẹ́ òun lára aṣọ ẹnì kan. Wọ́n fẹ́ kí òun wá ṣe olórí àwọn tó ń ya ọnà fún wọn. Kó kàn gbé àwọn ohun tó ti yà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n rí i, bó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, iṣẹ́ di tirẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò ṣe nǹkan kan rí tí kì í ṣe lẹ́yìn Àǹtí. Àǹtí dìde, ó dì mọ́ ọn, ó sì gbàdúrà fún un títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni láptọ́ọ̀pù daṣẹ́ sílẹ̀. Àbúrò tàn án láàárọ̀, ojú ewé dúdú kò yọ. Kò bi í ní nǹkan kan, ó gba apá ti Àǹtí lọ tààrà, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé inú ilé náà. Ó pa á, ó tún un tàn, ibi kan náà ló ṣí sí. Ó yọ wáyà iná, ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, kò sí ìyàtọ̀. Ó wá gbé fóònù, ó ń wá ohun tí àwọn tó ti kan irú rẹ̀ rí sọ. Wọ́n ní kó tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ bí láptọ́ọ̀pù bá ṣe ń jí, kó lè dé yàrá inú lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún un apá tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì débẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ páswọ́ọ̀dù ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Kò fi páswọ́ọ̀dù kankan síbẹ̀ rí. Ó gbìyànjú orúkọ ara rẹ̀, ó gbìyànjú ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ já sí òfo. Wọ́n ní kó fi fíláàṣì jí i. Ó yá fíláàṣì, ó kì í bọ̀ ọ́, láptọ́ọ̀pù ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ó gba apá ti Àǹtí wọlé, ó wo bí wọ́n ṣe pín inú láptọ́ọ̀pù náà. Àyè tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀ náà ló tóbi, àmọ́ apá ti Àǹtí kò gbọ́ èdè ohun tó wà nínú rẹ̀, kò lè ṣí i. Yàrá wà, ilẹ̀kùn ni kò sí. Ìyẹn gan-an ló wá mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún sí i, torí ẹni tí nǹkan rẹ̀ jóná á kúkú gbà fún Ọlọ́run.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Àǹtí kò fi í sílẹ̀. Ó gbé aṣọ oníbàárà tì, ó jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní kòkòrò ló wọ inú láptọ́ọ̀pù náà, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí Àbúrò ní kí àwọn gbé e lọ bá Dókítà, Àǹtí ní òun ti yà níbẹ̀, wọ́n ní ó rìnrìn àjò, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó dé. Òun náà ló ní nọ́ńbà ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ó pè é lójú Àbúrò, ó mi orí, ó ní kò lọ. Àbúrò gbà á gbọ́. Ta ni kò ní í gbà?

Ó pe ilé iṣẹ́ náà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé àwọn mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, pé ẹni tó bá mú iṣẹ́ wá ni àwọn máa mú. Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ dé, tó sì kọjá lórí Àbúrò níbi tó jókòó sí, tó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ọlọ́ẹ̀wù. Àǹtí bu oúnjẹ fún un, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ní kó má sunkún mọ́, ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ kò ní í fò ó ru.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òwú tán, Àbúrò jáde lọ rà á. Ó débi ìkòríta, ó rí Dókítà nínú aṣọ funfun rẹ̀, tó tẹ orí ba kọ̀ǹpútà kan. Inú Àbúrò dùn pé ó ti dé. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í rí arìnrìn-àjò kó má kí i, ó bá yà síbẹ̀.

"Dókítà, ẹ kú àbọ̀ o."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Àbọ̀ ibo, Àbúrò? Mi ò kúrò ní ìkòríta yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀."

Àbúrò rò pé ó ń bá òun ṣeré. Dókítà ò ṣeré. Ó béèrè bóyá wọ́n ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù tí Àǹtí ní kí òun fi sí i ni. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni Àǹtí gbé láptọ́ọ̀pù náà wá, tó sọ pé olè ti ń jà ládùúgbò, pé Àbúrò fẹ́ kí wọ́n fi apá tirẹ̀ pa mọ́, kí wọ́n sì ti gbogbo ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ títí òun Àǹtí yóò fi wá ní kó ṣí i. Dókítà ní òun tiẹ̀ yìn wọ́n pé wọ́n gbọ́n.

Àbúrò wá ibi jókòó. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e. Ní ti kòkòrò tí Àǹtí wí, kò kúkú parọ́: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà. Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ ló dun Àbúrò jù. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ni. Ẹni tó dalẹ̀ rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ, tó ń bá a nu ojú, tó ń ní kó má sunkún.

Ó lọ gbé láptọ́ọ̀pù wá. Dókítà tẹ páswọ́ọ̀dù, ó tún ètò rẹ̀ tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ojú ewé dúdú sì yọ. Kò gbà wọ́n lákòókò rárá.

Àǹtí ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Àbúrò wọlé, tó gbé láptọ́ọ̀pù náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó rí ojú ewé dúdú náà. Sísọ́ọ̀sì dúró sáàárín aṣọ.

"Mi ò pa á rẹ́," ó ní. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, mi ò pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Mo kàn pa á mọ́ ni. Kí Ọjọ́bọ̀ ṣáà kọjá, màá ní kó ṣí i fún ẹ."

"Ẹ pa á dé, ẹ pa á mọ́, ẹ ò pa á rẹ́," Àbúrò dáhùn. "Àǹtí, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé e gbà, pípa ni."

Àǹtí jókòó lé aṣọ tó ń gé. Ó sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀: kò lọ́kọ, kò bímọ, ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, bí Àbúrò bá lọ, ta ló kù? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àbúrò mọ̀ pé òótọ́ ni, inú sì wá bí i sí i.

"Ká ní ẹ kàn sọ fún mi pé kí n má lọ," ó ní, "mi ò ní lọ."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò purọ́. Àǹtí fi etí ìró nu ojú, ó wo láptọ́ọ̀pù náà, ó sì béèrè lóhùn ìsàlẹ̀ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì pé, bóyá kò sí èyí tó sọnù.

Àbúrò ṣí apá tirẹ̀. Ó rọra wò ó láti òkè délẹ̀, òdòdó, ewé, ìlà wínníwínní, bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ló bá wọn.

"Gbogbo rẹ̀ pé, Àǹtí," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan ni mi ò rí mọ́."