Oògùn Inú Báàgì Ìyá Bùkọ́lá

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fura pé nǹkan kan kò tọ́ lára mi. Èmi àti Ìyá Bùkọ́lá, aládùúgbò mi tó ń ránṣọ ní Igbó-Elérin, ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé Ìyànà-Ìbà ni. Òógùn bo òun láti orí dé ẹsẹ̀. Ara tèmi gbẹ, òtútù sì ń mú mi nínú oòrùn, débi pé mo fa ọwọ́ súwẹ́tà mi bo ìka. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ bá mi sáré ni àbí ọkọ̀ lẹ wọ̀ wá?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe dé ìdí eré sísá. Mo fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀jọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ṣètò eré oníkìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fi wá owó tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe, wọ́n sì ní kí n ṣíwájú àwọn àgbà tí yóò sáré. Mo gba máíkì lọ́wọ́ wọn, mo ní kí ọjọ́ náà tó pé, ìwọ̀n mi yóò ti fi kìlógíráàmù mẹ́wàá dín kù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo délé, mo bẹ Ìyá Bùkọ́lá pé kó wá bá mi ṣe é, nítorí n kò fẹ́ dá sáré lójú títì. Èmi ni mo pè é. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí òṣùwọ̀n kẹ́místì àdúgbò wa. Gbogbo Sátidé la ń lọ síbẹ̀. Mo la ìwé kan sí méjì bí ìwé máàkì, mo ń fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ tirẹ̀, mo ń fi pupa kọ tèmi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tirẹ̀ ti fi kìlógíráàmù méje dín. Tèmi ti fi méjì lé.

Mo ti yọ búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò. Ẹ̀bà mi kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ìyá Bùkọ́lá a sì máa jẹ mọ́ínmọ́ín méjì lójú mi. Èyí tó dùn mí jù ni ti aṣọ. Nítorí pé télọ̀ ni, fúnra rẹ̀ ló ń gbé aṣọ ara rẹ̀ sórí máṣínì tó ń fún un wọlé. Láti yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ìró máṣínì náà, mo sì mọ̀ pé ìbàdí rẹ̀ ló tún kéré sí i. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, ojú kan náà ni mo fi ń wo àwọn ọmọ: ẹni tí kò tẹ̀ síwájú, ọ̀lẹ ni, ẹni tó yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń jí ìwé wò. Mo ka ara mi sí ọ̀lẹ, mo sì ka ọ̀rẹ́ mi sí ẹni tó ń jí ìwé wò.

Àwọn àmì mìíràn wà tí n kò kà sí. Ohùn mi ki bí ohùn ọkùnrin, wọ́n sì mú mi kúrò láàárín àwọn tó ń gbé ohùn òkè nínú akọrin ìjọ wa. Awọ ara mi ń gbẹ, n kì í rí ìgbẹ́ yà bó ṣe yẹ, oorun sì ń gbé mi lọ lọ́sàn-án gangan. Mo ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tó ṣe, mo lọ wọn bùláòsì tuntun. Ìyá Bùkọ́lá fi téèpù yí ọrùn mi ká, ó ṣí ìwé rẹ̀ ti ọdún tó kọjá, ó sì tún un wọ̀n.

"Tíṣà, ọrùn yín ti fi ínṣì kan tóbi sí i."

"Mo sanra ni. Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"Kì í ṣe sísanra. Apá yín kò yí padà. Ọrùn nìkan ni, níwájú níbí. Ẹ lọ fi han dókítà."

"Ẹni tó ti di sìsí ló ń wo ọrùn ẹlòmíì," ni mo fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká téèpù rẹ̀. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe.

Tí a bá sáré tán láàárọ̀, ìsọ̀ rẹ̀ la máa ń jókòó sí, òun a sì lọ wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kan tó lọ wẹ̀, mo ṣí báàgì rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe máa ń yẹ báàgì àwọn ọmọ wò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀rá kékeré kan ni mo ti rí àwọn oògùn funfun, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọ̀kan láràárọ̀. Mo ní, ọwọ́ ti bà á. N kò lè bi í léèrè, nítorí ẹni tó ń jí ìwé wò kì í jẹ́wọ́. Mo mú ọ̀kan, mo fi omi gbé e mì.

Mo tọ̀ títí ó fi rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di Sátidé, òṣùwọ̀n ti fi nǹkan bíi kìlógíráàmù méjì wálẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní. Àárọ̀ mọ́kànlá ni mo fi ń jí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé mì, mo sì ń fa ìlà pupa kékeré kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn, títí kan olè jíjà.

Ní àárọ̀ kọkànlá yẹn náà, a tún jáde ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí mo gbé e mì, láti lọ wo ọ̀nà tí eré náà yóò gbà. Bí a ṣe dé Okokomaiko, iṣan ẹsẹ̀ mi fà, ojú mi ṣókùnkùn, mo sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo lajú, orí mi wà lórí itan Ìyá Bùkọ́lá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní ilé ìwòsàn, òun ló to láìnì gba káàdì fún mi. Òun ló ń fi ìdérí fáìlì fẹ́ mi, nígbà tí a ń retí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Mo ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì ń ṣe ìlara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn.

Dókítà náà kò ju ọjọ́ orí àkọ́bí mi lọ. Ó ní, "Mọ́mì, oògùn wo lẹ ń lò?"

Ìyá Bùkọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "N kò lo nǹkan kan."

Ìgbà tó jáde lọ ra omi tí wọ́n fẹ́ fà sí mi lára ni mo tó sọ òótọ́. Dókítà kò bá mi wí. Ó ní iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ gan-an, àti pé ká ní mo dákẹ́ ni, wọn ì bá máa wá ohun tí kò sí kiri. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní kí n gbé omi mì.

"Ta ló kọ́kọ́ rí èyí?"

"Télọ̀ mi ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo kọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni oògùn tí mo ń jí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìtọ̀ fa omi àti iyọ̀ jáde; kì í yọ ọ̀rá kankan. Omi ara mi ló ń dín kù tí mo ń yọ̀. Àìsàn tèmi gan-an wà nínú tairọ́ọ̀dù, ẹ̀yà ara kékeré kan tó rí bí labalábá níwájú ọrùn. Òun ló ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà ló sì ń pinnu bí ara yóò ṣe yára lo oúnjẹ. Tèmi kò tú oje tó mọ́, ó sì wú. Mo fẹ́ tún èrò kan ṣe níbí o: kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ló ní àìsàn yìí, kì í sì í ṣe èpè ẹnikẹ́ni ló ń mú ọrùn wú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nílé ìwòsàn. Nígbà tí mo padà sílé, mo ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ ìró máṣínì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìyá Bùkọ́lá gbé ògì wá fún mi. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

"Tíṣà, ẹ bá mi gbàdúrà. Orí mi ti ń dàrú."

Mo ní kí ló dé. Ó ní oògùn òun ń tán kó tó yẹ kó tán, pé ó ní láti jẹ́ pé òun ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún màámi nìyẹn. Nígbà tó yá, kò mọ orúkọ mi mọ́. N kò lè fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà mọ́, kí n má lọ gé e dànù."

Kò sí ẹni tó rí mi. Mo lè dákẹ́. Ká sòótọ́, mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ògì náà tutù. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo mú ìwé mi wá, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ẹ ka àwọn ìlà pupa yẹn. Èmi ni mo ń mú un nínú báàgì yín."

Ó fi ìka kà á, ó jẹ́ mọ́kànlá. Ó fa bébà kékeré kan yọ nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, níbi tó ti kọ iye tó dín. Mọ́kànlá. Ó wo méjèèjì pẹ́.

"Orí mi pé," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Orí mi pé." Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè wò mí. "Ẹ̀yin, Tíṣà? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó jí bírò?"

Ó dìde, ó lọ. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró máṣínì. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni kò fi yà sọ́dọ̀ mi.

Láràárọ̀ ni mò ń lo oògùn tèmi báyìí, pẹ̀lú omi, nígbà tí inú mi ṣì ṣófo, màá sì dúró fún wákàtí kan kí n tó jẹun. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí n lò ó títí ayé. Ara kò yá kíá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀, ohùn mi sì ń padà díẹ̀díẹ̀. Kìlógíráàmù mẹ́ta péré ló dín. Èyí tó kù, dókítà ní ọwọ́ oúnjẹ mi àti ẹsẹ̀ mi ló wà.

N kò sáré lọ́jọ́ eré. Mo dúró sí Okokomaiko, mo ń fún àwọn tó ń kọjá ní omi inú ọ̀rá. Ìyá Bùkọ́lá yọ láàárín àwọn àgbà, ó ń sáré níbi tó yẹ kí n wà, aṣọ rẹ̀ sì bá a mu rẹ́gí. Ìlara tún gún mi láyà. N kò ní parọ́ fún yín. Ó dúró níwájú mi, ó ń mí hẹlẹ, ó sì fi ìka méjì kan iwájú ọrùn mi.

"Ó ti ń fà sẹ́yìn," ló wí. "Ẹ mú bùláòsì yẹn wá ní Mọ́ńdè, màá dín ọrùn rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan báàgì mi o."

Ó gba omi lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ara yìí, tí mo pè ní ọ̀lẹ nígbà tó ń ké sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá ń tiraka tí ìwọ̀n yín kò dín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má lo oògùn ẹlòmíì. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì sọ ohun tó rí lára yín, ẹ gbọ́ ọ, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tí ẹ ń ṣe ìlara rẹ̀.