Epo Pupa Lára Pijó Bàbá Mi

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí ọkọ̀ bàbá mi.

Pijó 504 ni. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ló ń fi í gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí. Láti ìgbà tó ti kú, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, abẹ́ igi máńgòrò ló wà. Bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé Ìbàdàn wá ní bí ọkọ̀ náà kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí Bàbá, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni yóò gbé e. Mo ti tún ẹ́ńjìnì ṣe. Ara rẹ̀ tó dípẹtà ló kù, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì kù!

Ìpẹtà kan wà tó máa ń jẹ irin dé inú. Iṣẹ́ panẹbítà nìyẹn. Èyí tó wà lójú irin lásán, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Mo fi ìdí sukurudíráfà kan ara ọkọ̀ náà káàkiri: kó, kó, kó. Kò sí ihò kan! Mo ní oríire ni.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, mo mú sánpépà nọ́ńbà ọgọ́rin tó le, mo tún fi ọgọ́sàn-án tó múlọ́ jù ú lọ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n sánpépà náà ń yára dí, bíi pé nǹkan kan lẹ̀ mọ́ irin. Mo rò pé oje máńgòrò ni. Ṣé mo bi ẹnikẹ́ni? Rárá o! Èmi tí mo ti wo fídíò tán! Ibi tí ìpẹtà ṣẹ́ kù sí, mo fi oògùn tó máa ń sọ ọ́ di dúdú kùn ún. Mo wá lọ ra práímà, ọ̀dà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kùn, ní Adó.

Nígbà tí mo dé, bọ́nẹ́ẹ̀tì ń dán gbinrin. Mo yangàn díẹ̀. Mo fọ́n práímà sí i. Kò pẹ́ rárá, práímà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara jọ bí omi lórí ewé kókò!

Màámi jáde, wọ́n ní kí ló dé tí mo ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta. Mo ní irin kọ práímà.

“Èmi ni mo fi epo pupa pa á nígbà tí o lọ sí Adó. Ìhòòhò lo fi í sílẹ̀! Ṣé o rí àdá tó dípẹtà rí nínú ulé yìí?”

Ìdán tí mo fi ń yangàn, epo ni! Inú bí mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí àwọn onírin àlòkù wá gbé ọkọ̀ náà lọ ni.

Màámi ní látọjọ́ tí Bàbá ti kú, oṣooṣù làwọn ń fi àkísà àti epo nu ọkọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ṣe ń nu àdá rẹ̀. Àfi lẹ́nu ọdún kan yìí, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é mọ́.

“Nígbà tí ìwọ wà l'Ékòó, tí bọ̀ọ̀dá ẹ wà n'Íbàdàn, ta lo rò pé ó ń tọ́jú ẹ̀?”

Ọdún kan péré ni ìpẹtà ti rí àyè! Ohun tí mo pè ní oríire, ọwọ́ ìyá mi ni; ohun tí mo pè ní oje máńgòrò, epo wọn ni. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo nu práímà náà kúrò, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọkọ̀, mo fi tínà nu ìyókù epo kúrò, kí n tó tún fi sánpépà kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀! Màámi jókòó lórí àpótí, wọ́n ń nawọ́ sí gbogbo ibi tí epo wọn ti dé. Wọn kò gbàgbé ọ̀kan.

Ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, práímà aláwọ̀ eérú nìkan ló wọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi yí i ká, ó fi ìka kàn án: kó, kó. Ó ní kí ni mo fi gbà á là.

Mo ní kí ó lọ bi Màámi.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan àtijọ́, ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bá yín tọ́jú nǹkan tí ẹ kò mọ̀? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí.