Oògùn Oòrùn Tó Ń Lọ sí Ìbàdàn

Tí mo bá ti gbọ́ tí oògùn ń mì nínú ike, Big Mummy, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ní Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìgbà òtútù bá dé tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, ara Big Mummy á wúwo. Wọn ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò ní gbé fóònù. Wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

Dókítà ní kí wọ́n máa lo vitamin D, torí oòrùn ò tó wọn. Èmi ni mo ń rà á. Kì í pẹ́ tí wọ́n á fi ní ó ti tán, síbẹ̀ ojú wọn ṣì ń fà ro.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń bá wọn di ẹrù tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi n'Ìbàdàn. Mo bá ike vitamin D mẹ́ta nínú ìbọ̀sẹ̀. Wọn ò tíì ṣí ìkankan.

"Big Mummy, ṣé Ìbàdàn tí oòrùn ti ń pa èèyàn lẹ̀ ń kó eléyìí lọ?"

"Ṣé kí èmi nìkan máa lò ó, kí àbúrò mi máa wò?"

Kóòtù òtútù tí mo rà fún wọn náà ti wà n'Ìbàdàn.

Ní báyìí, ọwọ́ mi ni oògùn wà. Láràárọ̀, mo máa ń fún wọn ní ẹyọ kan pẹ̀lú omi, màá sì dúró tì wọ́n. Lánàá, wọ́n ní àwọn ti gbé e mì. Mo ní kí wọ́n la ẹnu.

Abẹ́ ahọ́n ló wà.