Ṣé Ó Ń Mí?

Tẹ́ ẹ bá pe nọ́ńbà pàjáwìrì nílùú yìí, bóyá ilé ń jó ni o, bóyá èèyàn yín ló ṣubú tí kò dìde mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin kan báyìí ló máa gbé e. Ohùn ẹ̀ tutù. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ fọkàn balẹ̀." Ohun tó máa tẹ̀ lé e ni, "Ṣé ó ń mí?" Ìdí nìyẹn táwọn ará ibiṣẹ́ ẹ̀ fi sọ ọ́ ní Màmá Ẹ-Fọkàn-Balẹ̀. Ṣùgbọ́n tí màmá yìí bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ọkàn tiẹ̀ kì í balẹ̀ rárá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín ná.

Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Yàrá kan ni, wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa nítorí ariwo títì, kọ̀ǹpútà wà níwájú kálukú, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sì há wọn létí. Etí ni màmá fi ń rí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Á kọ́ bàbá kan bó ṣe máa fọwọ́ méjèèjì tẹ ìyàwó ẹ̀ láyà. Á máa bá a ka iye tó ń tẹ̀, "Ẹ má dúró, ẹ má dúró, wọ́n ti ń bọ̀," títí á fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, tí àwọn oníṣẹ́ ambúláǹsì ya wọlé. Ibẹ̀ ni fóònù ti máa ń já. Ta ló máa rántí obìnrin orí fóònù lásìkò yẹn? Kò sẹ́ni tó ń pè padà pé, "Màmá, ẹ ṣeun o, ó ti lajú." Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aláìníparí níbi iṣẹ́ wọn. Bí òmíràn bá sì ti dún, wọ́n á tún gbé e.

Nílé, àwàdà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Télọ̀ ni ọkọ ẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá pè é láti ṣọ́ọ̀bù: "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ̀rọ mi ti kú o!" Kó tó mọ̀, ó ti fèsì: "Ṣé ó ń mí?"

Bàbá télọ̀ ní, "Kò mí o. Ó tún ń já òwú."

Kíá lọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ti gbé ṣòkòtò tó ya wá, á ní kí bàbá bá òun bi ìyá wò bóyá ó ṣì ń mí. Màmá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ kò sẹ́rìn-ín nínú tọmọ ẹ̀. Àkọ́bí ẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ, lápá kejì ìlú, ó sì lóyún. Tí màmá bá pè é tí kò tètè gbé e, á pe ọkọ ẹ̀. Tí ọkọ ò bá gbé e, á pe aládùúgbò. Tí aládùúgbò bá ní òun ò sí nílé, inú-fu-àyà-fu dé nìyẹn, kò ní lè jẹun, kò ní lè jókòó. Ọmọ ń fara dà á. Ó ń sọ pé bí màmá òun ṣe rí nìyẹn.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, màmá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó pe ọmọ, kò gbé e. Ó tún un pè, pàbó. Ẹ wo ohun tí àgbàlagbà obìnrin ṣe! Ó tẹ àdírẹ́sì ọmọ ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó ní ẹni kan dákú níbẹ̀, ó sì rán ambúláǹsì lọ. Àwọn yẹn débẹ̀, wọ́n kànlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, ni wọ́n bá já ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ ń wẹ̀ ni! Ọṣẹ wà lórí ẹ̀, ikùn wà níwájú, orin wà lẹ́nu, làwọn ọkùnrin méjì bá gbé bẹ́ẹ̀dì yọ sí i. Háà! Ojú tì í gbáà.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ pè. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo.

"Màmá, ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn oyún yìí. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pè, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo ti kú, tí mo wá ní láti fi hàn yín pé mi ò kú. Ẹ má pè mí mọ́. Tí mo bá bímọ, tí ara mi bá sì balẹ̀, èmi ni màá pè yín."

Ọ̀gá ibiṣẹ́ ní kí màmá lọ sinmi ná, pé kò ní padà sídìí fóònù àyàfi tó bá kọ́kọ́ lọ rí ọmọbìnrin kan tó wá láti yunifásítì. Ìwádìí ni onítọ̀hún ń ṣe lórí ohun tí iṣẹ́ pàjáwìrì ń fi ọkàn àwọn tó ń ṣe é ṣe. Màmá ò bìkítà fún ti iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọmọ òun máa bímọ, òun sì máa jẹ́ ẹni tó gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ọmọ yunifásítì yìí fún un ní tíì, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ẹ̀rù máa ń bà yín lẹ́nu iṣẹ́? Rárá. Ṣé ẹ máa ń lá àlá burúkú? Rárá. Ṣé ẹ máa ń rí ẹ̀jẹ̀ lójú yín? Màmá ní, "Ọmọ mi, níbo ni mo ti fẹ́ rẹ́jẹ̀? Fóònù ni mò ń gbé." Kò sì purọ́. Ọmọbìnrin náà ju báírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ó dáa, Ìyá. Tí ìpè bá já, tẹ́ ẹ ò mọ bó ṣe parí, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń parí ẹ̀ fúnra mi."

"Báwo?"

"Mo máa ń ní onítọ̀hún ti kú."

"Gbogbo wọn?"

"Tí mo bá ní ó yè, tó wá lọ jẹ́ pé ó ti kú ńkọ́? Ó sàn kí n ti mọ̀."

Ọmọbìnrin náà fa àga sún mọ́ ọn. "Tí ọmọ yín ò bá gbé fóònù ńkọ́, Ìyá?"

Màmá gbé ife tíì dé ẹnu, kò mu ún. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun ti sin ọmọ òun láìmọye ìgbà, nígbà tọ́mọ wà nínú ọjà tàbí nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ọmọbìnrin náà jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Ó wá sọ fún un pé òun nìkan kọ́, pé ọ̀pọ̀ àwọn tóun bá sọ̀rọ̀, àìmọ ìparí ọ̀rọ̀ ń dà wọ́n láàmú ju ohun tí wọ́n fojú rí lọ. Kò fún un lóògùn. Ó ní kó lọ máa kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ láìparí, kó bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan kékeré.

Bàbá télọ̀ ló gba iṣẹ́ yìí ṣe, inú ẹ̀ sì dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn oníbàárà kan: "Obìnrin yẹn bá wọlé, ó gbé aṣọ ìgbéyàwó sórí tábìlì, ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, ni ọkọ ìyàwó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà." Ibẹ̀ ló máa dákẹ́ sí, á mú sísọ́ọ̀sì, á máa gé aṣọ lọ.

"Ọkọ ìyàwó wá ṣe kí ni?"

"Wọ́n ní n má parí ẹ̀."

"Bàbá yìí, o ò dáa o!"

Á kùn, á rìn yíká ilé, á fọ abọ́ tó ti mọ́. Nígbà tó bá yá, á rí i pé òun ò kú, ọkọ ìyàwó náà ò sì kú. Díẹ̀díẹ̀, ó ń mọ́ ọn lára. Àmọ́ kò gbàgbé fóònù orí tábìlì o, kò sì pe ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ ni fóònù dún. Orúkọ ọmọ ló rí. Ó gbé e kíá.

"Màmá, mo ti bímọ, ọmọ náà..."

Fóònù já.

Bàbá télọ̀ dìde. Ọmọ náà kí ni? Màmá ti gbọ́ irú ìpè yìí rí, ó mọ bí òun ṣe máa ń parí ẹ̀. Ìka ẹ̀ ti wà lórí nọ́ńbà ọkọ ọmọ ẹ̀. Ẹ̀rù bà á o, n ò ní purọ́ fún yín. Ó wo fóònù náà, ó gbé e kalẹ̀, ó sì fa àtẹ ẹ̀wà mọ́ra.

"O ò ní pè é ni?" Bàbá ló ń béèrè báyìí o, òun tó ti ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀!

"Ó ní òun lòun máa pè."

Ó ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó dáa ló ń dà nù, òkúta ló ń kó sínú abọ́, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́. Fóònù tún dún.

"Màmá, iná ló tán lórí fóònù mi. Ẹ ò pè, ẹ ò rán ẹnì kankan wá?"

"N ò rán ẹnì kankan. Kú ewu ọmọ, ọmọ mi."

Ẹkún ti wà nínú ohùn ọmọ. "Màmá, wọ́n gbé e lé mi láyà láàárọ̀, mi ò sì lè sùn. Mi ò ṣe nǹkan míì, àyà ẹ̀ ni mò ń wò. Bó bá ti dákẹ́ báyìí, mo ti fo sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí."

"Kí n bi ọ́ ní kí ni?"

"Ẹ bi mí bẹ́ ẹ ṣe máa ń bi wọ́n."

Omi lé sójú màmá. Ó fi ohùn iṣẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn tútù yẹn. "Fọkàn balẹ̀. Ṣé ó ń mí?"

Ọmọ gbé fóònù sẹ́bàá imú ọmọ tuntun náà. Nǹkan kékeré kan ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀. Màmá tẹ fóònù mọ́tí, ó sì fọwọ́ sọ fún ọkọ ẹ̀ pé kó dákẹ́.

"Màmá, ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Má tíì gbé e kúrò."